Ẹ̀rọ Nọ́ńbà Àǹtí Mi

Ọkùnrin méjì ló gbé ẹ̀rọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù àǹtí mi ní Sùúrùlérè, bẹ́ẹ̀ kò tóbi ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Irin pọ́nńbélé ni, dúdú, ó sì ní ọwọ́ gígùn kan lápá ọ̀tún tí ènìyàn ń fà wálẹ̀. Wọ́n gbé e ka orí káńtà. Àǹtí mi yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu eruku tí kò sí lára rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá yín dé." Èmi àti àwọn obìnrin méjì tó ń lọ aṣọ lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. A rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Mo ti lé ní ogún ọdún nígbà náà. Mo ti jáde ilé ìwé mọ́dà, mo ti kọ́ táìpù lóṣù mẹ́ta, mi ò sì rí ọ́fíìsì kankan tó fẹ́ gbà mí. Àǹtí mi yìí, àbúrò ìyá mi, ló ní kí n wá dúró ti káńtà òun. Ìlú tutù lákòókò yẹn, ogun ti parí, ọkọ̀ ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún, gbogbo ènìyàn ló ń rán léèsì, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ki léèsì rẹ̀ bọ omi ọṣẹ nílé. Alágbàfọ̀ tó bá ní máṣíìnì kò sinmi. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di Sátidé, òórùn kẹ́míkà tí a fi ń fọ aṣọ kì í kúrò nírun mi.

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ọwọ́ la fi ń kọ nọ́ńbà. A ó gé aṣọ funfun péńpé, a ó fi gègé kọ nọ́ńbà sí i, a ó rán an mọ́ ọrùn aṣọ oníbàárà. Bó bá máa fi jáde nínú kẹ́míkà, nọ́ńbà ti lọ. Ọ̀sẹ̀ kan ò ní kọjá kí ọkùnrin kan má dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlòmíràn lọ́wọ́, kó máa bi wá bóyá òun ló gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àǹtí mi fi ra ẹ̀rọ.

Ọkùnrin kan wá láti ibi tí wọ́n ti rà á láti kọ́ mi bí a ṣe ń lò ó. Lẹ́yìn ẹ̀rọ ni aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ funfun kan wà tí wọ́n ká jọ bí òwú àtùpà. Bí o bá fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tẹ nọ́ńbà sórí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ọ̀bẹ inú rẹ̀ á sì gé e. Èyí ni a ó rán mọ́ aṣọ. Bí o bá ki tíkẹ́ẹ̀tì sí i lẹ́nu tí o sì fà á lẹ́ẹ̀kejì, nọ́ńbà kan náà ló máa tẹ̀. Oníbàárà ló ni ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìwé wa. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, wàá gbọ́ "ká" nínú rẹ̀, nọ́ńbà á sì fúnra rẹ̀ bọ́ sí èyí tó kàn. Kò sí pé o gbàgbé, kò sí pé o fo ọ̀kan. Íǹkì rẹ̀ kò sì ṣeé fọ̀ kúrò.

Abẹ́rẹ́ irin kan so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú ṣéènì tín-ín-rín. Ọkùnrin yẹn fi ìlò rẹ̀ hàn mí. Bí nǹkan bá há, tí nọ́ńbà bá bàjẹ́, kí n ti abẹ́rẹ́ bọ ihò kékeré tó wà lábẹ́, àwọn nọ́ńbà á dẹ̀, kí n fi ìka yí wọn padà síbi tó bá wù mí. Ó ṣe é lójú mi, kò tó ìṣẹ́jú kan. Àǹtí mi tó ń wò wá kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "abẹ́rẹ́ yẹn, má fọwọ́ kàn án láéláé. Bí nọ́ńbà kan bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, èèyàn méjì ló máa wá gba aṣọ kan."

Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ máa rántí pé kò sí ọ́fíìsì tó gbà mí. Ẹ̀rọ yìí wá sọ mí di ẹni tí àwọn olówó ń tò dúró dè. Mo ń fi àkísà nù ún láràárọ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ fún un. Ẹnu mi mú nígbà náà, ojú mi náà sì le, àwọn tó bá mọ̀ mí lónìí á sọ pé ẹnu ọ̀hún ò tíì kú.

Ìrọ̀lẹ́, kí a tó tìlẹ̀kùn, àǹtí mi yóò yọ gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tí mo gbà lọ́wọ́ oníbàárà kúrò lórí ìṣó gígùn tí mo fi gún wọn, yóò máa gbé wọn ti ìwé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tó bá ti jáde gbọ́dọ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì lórí ìṣó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣe àṣìṣe. Ọkùnrin kan wá, ó ní òun ti sọ tíkẹ́ẹ̀tì òun nù, ó ṣàpèjúwe léèsì funfun kan dé orí bọ́tìnnì, ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, èmi tí mo kéré sí i. Mo gbé léèsì fún un. Lọ́jọ́ kejì ni ẹni tó ni léèsì dé pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí àǹtí mi sọ sí mi lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò lè kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Ó sọ ọ́ lójú àwọn tó ń lọ aṣọ, ó sọ ọ́ lójú oníbàárà, ó sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó wá fi òfin dè mí: ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì, kò ní aṣọ níbí, ì báà jẹ́ òun fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an nìyí. Obìnrin kan wà tó kọ́ mi ní kíláàsì kìíní ní Yábàá. Òun ló kọ́ mi ní òǹkà, tó di ọwọ́ mi mú kọ ení títí dé ẹẹ́wàá. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é, Tíṣà náà ni mo sì ń pè é títí ó fi kú. Nígbà tí mo ń sọ yìí, ó ti kó wá sí Sùúrùlérè pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ya àwòrán ilẹ̀. Wọn ò bímọ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn ò sì bímọ, mo sì mọ̀ pé àwọn ará ilé ọkọ kì í jẹ́ kó gbàgbé.

Gbogbo ọ̀sán Fúráídè ni àwọn méjèèjì jọ ń wá. Tíṣà ló máa ń gbé aṣọ, ọkọ rẹ̀ ló máa ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Á ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, á ṣí fìlà rẹ̀, á ki tíkẹ́ẹ̀tì bọ ìṣẹ́po rẹ̀ nínú, á tún dé e padà. Mo máa ń yọ ọ́ lẹ́nu.

"Ẹ má sọ fìlà nù o, sà."

"Bí mo bá sọ fìlà nù, orí ni mo sọ nù yẹn," á sì máa rẹ́rìn-ín. Orí rẹ̀ pá, ó sì mọ̀ pé mo rí i.

Fúráídè kan, wọ́n gbé agbádá sányán kan wá. Mo ti ń rí aṣọ, àmọ́ mi ò tíì rí sányán tó rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tí wọ́n pò mọ́ wàrà, ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Tíṣà sọ fún mi pé bàbá òun ló hun ún ní Ìsẹ́yìn fún ọkọ òun nígbà ìgbéyàwó àwọn. Ojú bàbá náà ti ń fọ́ nígbà yẹn, ọwọ́ ló fi ń tọ́ òwú. Lẹ́yìn rẹ̀, kò hun aṣọ mìíràn mọ́ tó fi kú.

Ọkọ rẹ̀ na ìka sí mi. "Rọra o, ọmọ. Aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ bá àna mi lọ́run nìyẹn. Mo ti sọ fún un."

Tíṣà gbá a léjìká. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo fa ọwọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta. 04718 ló jáde. Mo rán ègé aṣọ náà mọ́ ẹ̀yìn ọrùn agbádá, ọkọ Tíṣà ki tíkẹ́ẹ̀tì bọ fìlà, wọ́n sì lọ.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà gbé orí lé tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì, kò sì gbé e sókè mọ́. Wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Tíṣà wà ní ilé ìwé, ẹni kan ò lè rí i bá sọ̀rọ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń gbé Múṣín ni wọ́n rí, òun ni wọ́n sì kó bàtà, aago àti fìlà òkú lé lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń lọ aṣọ wa ń gbé àdúgbò wọn. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí láàárọ̀ Wẹ́sìdeè, ó sì ní Sátidé ni wọ́n máa sìnkú.

Ọ̀sán Tọ́sìdeè, Tíṣà wọlé.

Mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ó fi gèlè dúdú wé orí mọ́ iwájú, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ó tóbi. Kò yẹ kó wà níta. Opó ni, orí ẹní ló yẹ kó jókòó láàárín àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀, kó má jáde títí di ọjọ́ ìsìnkú, ó kéré tán. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ma," mo ní. "Ẹ kú àmúmọ́ra."

"Mo dúpẹ́, ọmọ mi. Mo ní mo fẹ́ wẹ̀ ni, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde. Tètè bá mi mú sányán ọkọ mi. Wọ́n ní súùtù ni wọ́n máa wọ̀ fún un. Ìwọ náà gbọ́ ohun tó sọ níbí."

Mo gbọ́ ọ. Ibi tí mo dúró sí, mo ń rí aṣọ náà lórí irin, nínú bébà, wọ́n ti lọ̀ ọ́ tán, nọ́ńbà rẹ̀ ń yọ lọ́rùn. Ẹsẹ̀ márùn-ún ni sí mi. Ohun tí ẹnu mi sọ ni, "Tíkẹ́ẹ̀tì dà, Ma?"

Ó wò mí bí ìgbà tí mo bá kọ ẹẹ́fà sódì ní kíláàsì kìíní. "Mi ò rí i. Mo ti tú gbogbo àpò aṣọ rẹ̀, mo tú inú Bíbélì, mo tú dúróà. Ìwọ mọ̀ mí kẹ̀."

"Mo mọ̀ yín, Ma. Àǹtí mi ni ò ní gbà."

Àǹtí mi ti lọ ra kẹ́míkà ní Yábàá, kò ní dé kí agogo mẹ́rin tó lù. Tíṣà ò sì lè dúró. Mi ò ní purọ́ síbí: mo rántí abẹ́rẹ́ náà. Ìka mi tilẹ̀ kan ṣéènì rẹ̀. Bí mo bá yí nọ́ńbà padà, tí mo tẹ 04718 sórí tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn, tí mo sì fi ìṣó gún un, àǹtí mi á gbé e ti ìwé nírọ̀lẹ́, á bára mu, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo rò ó. Lẹ́yìn náà ni mo rántí léèsì funfun. Mo rántí bí wọ́n ṣe dójú tì mí lójú ayé. Mo yọwọ́.

Mo wá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ lọ́nà tí kò ní ná mi ní ohunkóhun. Mo ní, "Ma, ṣé ẹ ti wo inú fìlà wọn? Inú fìlà ni wọ́n máa ń fi í sí."

Tíṣà di etí káńtà mú. "Fìlà wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀."

"Ẹ lọ bi wọ́n, Ma. Aṣọ ò lọ síbì kankan. Mo máa bá yín pa á mọ́."

Ó ní kò burú. Ó ṣeun fún mi, ẹ gbà mí o, ó ṣeun. Ó wọ́ bàtà ńlá yẹn jáde, mo sì gbọ́ bó ṣe ń lu ilẹ̀ pà, pà, títí ó fi yà kọ́nà.

Mo gbọ́ ìyókù lẹ́yìn. Wọ́n ti ń wá a kí ó tó délé, ariwo sì sọ. Ìyàwó wo ló ń rìn kiri nígbà tí òkú ọkọ rẹ̀ ò tíì wọlẹ̀? Wọ́n fi obìnrin méjì ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ó bẹ àbúrò ọkọ rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó fún òun ní fìlà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi fìlà ṣe. Ó fura, ó fọwọ́ tú ìṣẹ́po fìlà, ó rí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí mi ò bá la ẹnu mi, fìlà yẹn ì bá wà níbi tó wà, ọkùnrin náà kì bá sì mọ̀ pé aṣọ kankan wà lọ́dọ̀ wa.

Láàárọ̀ Fúráídè, àbúrò ọkọ rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí a tó ṣí. Ó gbé tíkẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ níwájú mi, àpá ìṣẹ́po mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lára rẹ̀. Àǹtí mi jókòó nítòsí. Mo gbé tíkẹ́ẹ̀tì ti ìwé, mo gbé e ti ọrùn aṣọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu.

Mo ní, "Ṣé ti ìsìnkú ni, sà? Ẹ̀gbọ́n yín sọ níbí pé…"

"Èwo ló kàn ẹ́ ńbẹ̀?" ó ní. "Ta ló máa gbé irú aṣọ báyìí sin? Aṣọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ogún wa ni. Gbé e wá jàre."

Mo wo àǹtí mi. Ó mi orí sí mi pé kí n gbé e fún un. Mo gbé e fún un. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ, àǹtí mi ní, "O ṣe é dáadáa lónìí." Ọjọ́ tó kọ́kọ́ yìn mí láti ìgbà léèsì funfun nìyẹn. Mo lọ sẹ́yìn, mo sunkún láàárín àwọn aṣọ tó so rọ̀. Obìnrin tó ń gbé àdúgbò wọn gbé àyọ́ọ̀nù kalẹ̀, ó wò mí.

Mo lọ síbi ìsìnkú. Wọ́n ṣí pósí sílẹ̀ kí ènìyàn wò ó. Súùtù dúdú ni wọ́n wọ̀ fún un, èyí tí èmi fúnra mi ti gbà fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì bo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Wọn ò dé e ní fìlà. Mo rí orí rẹ̀ tó pá tí mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń dán. Tíṣà jókòó láàárín àwọn obìnrin méjì, kò sunkún, ọwọ́ súùtù yẹn ló ń wò ṣáá. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn òpó títí wọ́n fi gbé òkú jáde.

Nígbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ọdún yẹn, àbúrò ọkọ Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú mi. Agbádá sányán ló wọ̀. Ó gùn fún un. Nígbà tí gbogbo wa dìde láti kọrin, mo rí ègé aṣọ funfun tó yọ jáde lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Kò mọ̀ pé ènìyàn ń tú u kúrò. 04718, íǹkì náà dúdú bí ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò lè kọrin. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ já ègé aṣọ yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo rán an mọ́ ọn.

Ọdún yípo. Wọ́n ti lé Tíṣà kúrò nílé ọkọ, ó gba yàrá kan ní Ìwáyà, ó sì ń ti ibẹ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀sán kan tí àǹtí mi ò sí nílé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù. Kò gbé aṣọ kankan dání. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó ti bọ́ dúdú, ó wọ kaba aláwọ̀ ewé. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn káńtà.

"Dìde," ó ní. "Mi ò bá ẹ jà. Nǹkan kékeré ni mo wá tọrọ. Wọ́n kó gbogbo ẹrù rẹ̀, tòun ti àwòrán. Mi ò ní nǹkan kan rẹ̀ lọ́wọ́. Mo kàn ní kí n bi ẹ́, ìwé yín, ṣé nọ́ńbà aṣọ yẹn ṣì wà níbẹ̀? Bí o bá lè bá mi fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé péńpé kan. Mo kàn fẹ́ rí i ni."

Bírò? Fún Tíṣà? Inú mi dùn pé mo rí ohun tí mo lè ṣe. Mi ò dúró ro ohunkóhun. Mo fa ṣéènì, mo ti abẹ́rẹ́ bọ ihò, àwọn nọ́ńbà dẹ̀, mo fi ìka yí wọn padà sẹ́yìn, òdo, mẹ́rin, méje, ọ̀kan, mẹ́jọ. Mo fa ọwọ́ ẹ̀rọ. Ègé aṣọ já bọ́ sórí káńtà. Mo ki tíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i lẹ́nu, mo tún fà á. Mo fi ọwọ́ méjèèjì kó wọn fún un.

Tíṣà kò gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo abẹ́rẹ́ tó ṣì ń mì lórí ṣéènì rẹ̀, ó wo ibi tí aṣọ máa ń so sí lẹ́yìn mi. Mo rí i tó ń rò ó, díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe kọ́ wa pé ká máa ro òǹkà. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ṣe.

Ó ní, "Ó ṣeé dá padà."

"Ma…"

"Lọ́jọ́ tí mo wá. Abẹ́rẹ́ yìí wà níbí?"

"Ó wà níbí, Ma."

"O mọ̀ ọ́n lò?"

"Mo mọ̀ ọ́n lò, Ma."

Ó mú ègé aṣọ náà, ó ṣẹ́ ẹ po, ó dì í sí etí áńkáṣíìfù rẹ̀. Ó fi tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún mi lórí káńtà.